Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ká ta ilẹ̀ Mọ́níyà kí n fi lọ ṣe másítà ní Ìlú Ọba?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò ti sun oorun àsùnwọra.

Ọmọ ọdún 33 ni mí. Tíṣà kẹ́mísírì ni mí ní ilé-ìwé girama ìjọba kan n'Ìbàdàn, ọdún kẹjọ rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. B.Sc. Ed. ni mo gbà, second class lower. Mo ti lọ́kọ, àwọn ìbejì mi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọkọ mi ń tún fíríìjì àti éésì ṣe.

Lóṣù tó kọjá, ilé-ìwé kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà mí fún másítà ọlọ́dún kan nínú Public Health. £15,500 ni owó ilé-ìwé. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san £5,000 kí wọ́n tó fún mi ní CAS tí n ó fi béèrè físà. Ọkọ mi ní púlọ́ọ̀tì méjì ní Mọ́níyà, ẹnì kan sì ti ṣe tán láti san mílíọ̀nù 18. Èjẹ́ǹtì wa ní ká tà á, ká fi san owó àkọ́kọ́, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ti owó tí wọ́n fẹ́ rí ní báńkì, ó ní òun mọ ẹni tó máa yá wa: owó náà á sùn sínú àkáǹtì mi fún ọjọ́ 28, a ó san èlé, onówó á kó owó ẹ̀. Ìyókù owó ilé-ìwé ńkọ́? Ó ní iṣẹ́ ni n ó fi san án bí mo bá débẹ̀. Ó tún ní bí mo bá ti parí, tí wọ́n fún mi ní físà ọlọ́dún méjì yẹn, ọkọ mi àti àwọn ọmọ á wá bá mi.

Ìyá mi ní kí n lọ. Ìyá ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọkọ mi ní ohun tí mo bá ní ká ṣe la ó ṣe. Ogúnjọ́ oṣù yìí ni wọ́n fẹ́ gba owó àkọ́kọ́. Ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ ta ilẹ̀ kẹ̀? Mọ́níyà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ti dé! Ọdún wo lẹ tún fẹ́ rí púlọ́ọ̀tì méjì níbẹ̀ rà?

Àbẹ̀kẹ́, Leeds

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrònú. Oṣù kẹsàn-án 2023 ni mo débí, mo ṣì lè mú ọmọ mi dání nígbà náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024 ni wọ́n ti dá a dúró fún másítà oníkíláàsì bíi tiyín. Ó ku àwọn tó ń ṣe PhD tàbí másítà tó jẹ́ ìwádìí pọ́nńbélé, àti àwọn tí ìjọba ń rán wá. Mo rò pé ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìyẹn.

Èyí tí èjẹ́ǹtì yín ò sọ ni pé físà tí wọ́n ń fúnni lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹni tó bá ti jẹ́ dependant yín (ọkọ tàbí ọmọ tó bá yín wá lórí físà yín) nígbà tí ẹ wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló lè bá yín wà lórí ẹ̀. Èèyàn ò lè jókòó s'Ìbàdàn kó ti ibẹ̀ wá bá yín. Kò sì ní jẹ́ ọlọ́dún méjì mọ́. Ẹni tó bá béèrè fún un láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2027, oṣù 18 ni wọ́n máa fún un, àyàfi tó bá ṣe PhD. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì san owó àkọ́kọ́, ṣé ẹ máa parí kí ọjọ́ yẹn tó dé?

Owó báńkì wá kù. Àwọn èèyàn rò pé owó oúnjẹ nìkan ni wọ́n fẹ́ rí. Rárá o. Ìyókù owó ilé-ìwé yín, £10,500, wà nínú ẹ̀. Ẹ wá fi owó oṣù mẹ́sàn-án kún un. Fún ẹni tí kò gbé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ti sọ ọ́ di £1,171 lóṣù láti oṣù kọkànlá 2025, ìyẹn £10,539. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ £21,039. Ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà, bíi mílíọ̀nù 40 ni. Ta ló fẹ́ gbé mílíọ̀nù 40 sínú àkáǹtì tíṣà ìjọba tí ẹni tó ń wo ìwé yín ò ní béèrè ibi tó ti wá? Wọ́n máa ń pe báńkì. Bí wọ́n bá sọ pé ẹ tan àwọn jẹ, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Ṣeun tó ti dé

Ẹ má dẹ́rù ba ìyá yìí jù. Èmi náà yá POF, owó tí wọ́n fẹ́ rí ní báńkì yẹn, ní 2022, mo wọlé, mo ti ń ṣiṣẹ́ gidi báyìí. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Àbẹ̀kẹ́, Leeds

Ṣeun, 2022 lo wí. Wọn ò tíì tú náírà sílẹ̀ nígbà yẹn. Oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n tú u, ṣé o rántí bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ké káàkiri ibí? Owó tí ẹlòmíì ti kó jọ fún gbogbo ọdún ò tó ìdajì mọ́. Àwọn kan wà tí ilé-ìwé yọ orúkọ wọn, tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, lórí owó tí wọn ò rí san mọ́. Ilẹ̀ baba ẹlòmíì wà nínú owó yẹn.

Bọ̀dá Múfú, Salford

Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣírò "iṣẹ́ ni n ó fi san án", torí ọ̀rọ̀ yẹn ti ba ayé ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́.

Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin fún akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ. Ìgbà ooru tí ẹ̀ ń kọ ìwé ìwádìí yín náà, ilé-ìwé ṣì ń lọ ni o. Ibẹ̀ ló ti ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á rò pé ọlidé ni. Owó wákàtí kan tó kéré jù lọ lọ́dún 2025 jẹ́ £12.21. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, £976.80. Yàrá kan ṣoṣo nínú ilé tí àwa márùn-ún jọ ń lo ilé ìdáná, £480 ni mò ń san. Oúnjẹ, bọ́ọ̀sì àti fóònù, £250. Ó ku bíi £247. Ẹ wá fi £247 san £10,500. Oṣù 42 ni, ó sì lé díẹ̀. Oṣù 12 ni másítà yín.

Àwọn tó ń ṣe é, wákàtí 40, 50 ni wọ́n ń ṣe ní ilé àwọn arúgbó, wọ́n ń fi orúkọ ẹlòmíì gba owó. Bọ́wọ́ bá tẹ èèyàn, físà ti lọ nìyẹn.

Olùtọ́jú ẹgbẹ́

Mo ti pa kọ́mẹ́ǹtì méjì rẹ́. A kì í polówó owó POF níbí. Ẹni tó bá tún gbé nọ́ńbà ẹ̀ síbí, a ó yọ ọ́.

Adùkẹ́, Leipzig

Jámánì ńkọ́? Yunifásítì ìjọba tó pọ̀ jù níbí kì í gba owó ẹ̀kọ́, owó sẹmẹ́sítà nìkan lẹ máa san. Ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ló ń gba €1,500 ní sẹmẹ́sítà kan lọ́wọ́ àwa tí a kì í ṣe ará Yúróòpù. Àmọ́ wọ́n á ní kí ẹ ti €11,904 pa sínú àkáǹtì, €992 ni wọ́n á máa jù sílẹ̀ fún yín lóṣooṣù. Owó yín ṣì ni, ẹ̀yin náà lẹ máa ná an, ìyẹn ni mo fẹ́ràn nínú ẹ̀. Ẹ má kánjú o, ká rí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà nílé, sùúrù ni. Ẹ kọ́ èdè wọn díẹ̀ kí ẹ tó wá, bí ẹ ò bá kọ́ ọ, iṣẹ́ àwo fífọ̀ pàápàá á le fún yín.

Màmá Dára

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ físà bí ẹni pé físà ni wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀. Èmi náà ṣe Public Health. Nílé, èmi ni mo máa ń mọ nóòtì olùkọ́ lórí jù ní kíláàsì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ ní Ìlú Ọba níbí, ọ̀rọ̀ 3,000, mo gba 48. Àádọ́ta lèèyàn fi ń yege. Olùkọ́ náà kọ ọ́ sí etí ìwé mi pé òun ti rí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé sọ, èrò tèmi dà? Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ ilé-ìwé, kò sẹ́ni tó bi mí ní èrò mi rí. Bí ẹ bá rí 70 gbà níbí, ẹ pa adìẹ. Ẹ má fi wé 70 ilé.

Obìnrin tó kọ́ wa yẹn tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, ó ní kí n máa pe òun ní Susan. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń kọ ímeèlì sí i tí mi ò dárúkọ ẹ̀. "Good morning" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi l'Óṣogbo. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ó máa ń fẹnu ko fóònù. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ìyá mi á ní, "Wá kí mọ́mì ẹ," á ní òun ń wo kátúùnù. Oṣù kejìlá nìyẹn, ilẹ̀ ti ń ṣú kí aago mẹ́rin ọ̀sán tó lù, èmi nìkan nínú yàrá, mo gbé ìrẹsì síwájú, mi ò lè jẹ ẹ́. Mi ò ní kí ẹ má lọ o. Mo ṣe é, mo parí ẹ̀. Ẹ kàn má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọdún kan ò jìnnà. Ìbejì ni tiyín.

Tíṣà Físíìsì, Birmingham

Mo ka gbogbo ẹ̀ tán, ìbéèrè kan ni mo ní. Kí ni tíṣà kẹ́mísírì fẹ́ fi Public Health ṣe?

Èjẹ́ǹtì ló yàn án fún yín, àbí irọ́ ni mo pa? Ilé-ìwé ló ń san owó fún èjẹ́ǹtì lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá mú wá. Kò sẹ́ni tó máa san nǹkan kan fún un bó bá sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Láti oṣù kejì 2023, tíṣà tó gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀ ní Nàìjíríà lè béèrè fún QTS, ìwé tó sọ yín di tíṣà pọ́nńbélé ní England, láìsí másítà kankan. Ọ̀fẹ́ ni bíbéèrè ẹ̀. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè ni wọ́n fẹ́, fún àwọn tó ń kọ́ ọmọ ọdún 11 sí 16. Wọ́n á fẹ́ rí digírì, ẹ̀rí pé ẹ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ (B.Sc. Ed. yín rèé), ó kéré tán ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwa olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àti ẹ̀rí pé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ti fi ọdún mẹ́jọ kọ́ kẹ́mísírì! N'Ìbàdàn níbẹ̀ lẹ ó jókòó sí ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mi ò ní tàn yín o. QTS kì í ṣe físà. Ẹ ṣì máa wá ilé-ìwé tó fẹ́ gbà yín, tó sì ní àṣẹ láti mú èèyàn wọlé, wọn ò pọ̀. Ogójì ó lé mẹ́ta ni ibi tí mo kọ̀wé sí, mẹ́rin ló dáhùn, ọ̀kan ló mú mi. Oṣù mẹ́rìnlá ló gbà mí látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n físà òṣìṣẹ́ ti olùkọ́, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ mi la jọ wọ bàálù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ha! Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún àbúrò mi tó ń kọ́ ìṣirò ní Ìjẹ̀bú-Igbó?

Ṣeun tó ti dé

Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ fi tèmi sílẹ̀, ẹ gbọ́ tiwọn. Bó bá jẹ́ ìwé lẹ ṣì fẹ́ kà, ẹ wo Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìlú Ọba ń fúnni láti ṣe másítà. Oṣù kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣí i. Wákàtí iṣẹ́ 2,800 tí wọ́n ń béèrè, ẹ ti ṣe é kọjá. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹ máa padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀.

Alàgbà Ọ̀tun

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ìyá Ìbejì, gbogbo wọn ti dá ọ lóhùn lórí owó, kò sẹ́ni tó dá ọ lóhùn lórí ìyá ọkọ rẹ. Àgbà tó dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ó ní ohun tó mọ̀. Má fi fóònù bá a sọ ọ́. Lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, bá a jókòó.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Tíṣà Físíìsì, irọ́ kọ́ lẹ pa. Èjẹ́ǹtì ló ní Public Health ni wọ́n ń yára gbani sí.

Bàbá, mo lọ. Ìyá ọkọ mi ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, mo bá wọn jókòó títí wọ́n fi pàtẹ tán. Púlọ́ọ̀tì kan nínú méjèèjì yẹn, àjọ tí wọ́n kó lọ́dún tí bàbá kú ni wọ́n fi rà á. Ọkọ mi mọ̀. Kò sọ fún mi, ó ní òun ò fẹ́ kí n rò pé òun ń dí mi lọ́wọ́. Mo bínú, mo tún rẹ́rìn-ín. Màmá ní àwọn ò ní kí n má lọ, àwọn kàn ń wò ó bóyá ẹnì kan máa bi àwọn.

Mo ti kọ̀wé sí ilé-ìwé yẹn pé mi ò wá mọ́. Èjẹ́ǹtì pè mí lẹ́ẹ̀mẹfà lánàá. Ìwé ẹ̀rí TRCN mi wà nínú àpótí, mo yọ ọ́ jáde lówùúrọ̀ yìí, àwọn ìbejì ti fi bírò ya ẹja sí ẹ̀yìn ẹ̀. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n á gbà á bẹ́ẹ̀, àbí kí n lọ gba òmíràn? Àti pé lẹ́tà wọn yẹn, báwo lẹ ṣe rí i gbà?