“Passed into law” nígbà tí ààrẹ kò tíì buwọ́ lù ú, ṣé ó tọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì òfin dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ gbólóhùn yìí wò: “Parliament passed the bill into law.” Ilé aṣòfin ti ka àbá náà lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì ti dìbò, ṣùgbọ́n ààrẹ kò tíì buwọ́ lù ú.

“Passed the bill” kò ní wàhálà, iṣẹ́ ilé aṣòfin nìyẹn. “Into law” ló ń kọ mí lóminú, torí ẹni tó bá kà á á rò pé òfin ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àbá ló ṣì jẹ́. Ṣé kí n gé e kúrò, kí n fi “signed into law” sílẹ̀ de ọjọ́ ìbuwọ́lù? Tí n kò bá sì fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni ńkọ́, ṣé “became law” ló yẹ àbí “was enacted”?