Samanja ló kọ́ ìyá mi ní Hausa

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí nípa bí ẹ ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n láyé àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Kakuri ní Kaduna ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan, ìyá mi ń ta èlùbọ́. Ilé oníyàrá mẹ́wàá là ń gbé. Hausa wà níbẹ̀, Ígbò wà níbẹ̀, àwọn ará Kafanchan náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àgbàlá, ti bàbá mi ni. Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bí àga, ó sì ní ilẹ̀kùn onígi tí ìyá mi máa ń tì pa tí a bá wòran tán. Ìta lẹ́bàá kànga ni ọ̀pá eríà rẹ̀ wà. Bí àwòrán bá ti dàrú, ẹ̀gbọ́n mi á sáré jáde lọ yí ọ̀pá, àwa á máa pariwo láti inú ilé: "Ó ti dé! Ó tún ti lọ! Yí i padà díẹ̀! Dúró síbẹ̀, má mira!" Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé yóò di ọ̀pá yẹn mú títí eré á fi parí, kò ní rí ẹyọ kan níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣì ń ṣe mí títí dòní.

Ìyá mi ti lo ọdún mọ́kànlá ní Kaduna nígbà náà, Hausa ẹnu rẹ̀ kò sì kọjá "nawa ne" (èló ni) àti "babu" (kò sí). Bí oníbàárà bá ti fa ọ̀rọ̀ gùn, á ké sí mi. Samanja, sójà inú eré apanilẹ́rìn-ín Hausa kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ló yí i padà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lókè Ọya yìí mọ ẹni tó ń ṣe é, Usman Baba Pategi, ọmọ Pategi ní Kwara, tó di olóògbé lóṣù Kọkànlá ọdún 2023. Bó bá ti yọ nínú aṣọ sójà, tó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín á ti gba ilé kan kí ìyá mi tó mọ ohun tó sọ. Á fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ìyàwó Málàm tó jókòó tì í: "Me ya ce?" Kí ló wí? Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó, gbólóhùn Hausa kìíní tí ìyá mi mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn. Ìyàwó Málàm á fi ọwọ́ ṣàlàyé, á fi ojú ṣàlàyé, ìyá mi á wá bú sẹ́rìn-ín nígbà tí gbogbo ilé ti dákẹ́. A tún máa ń tìtorí ìyẹn rẹ́rìn-ín. Kí ọdún tó yí po, òun náà ti ń bá wọn rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín ṣáájú mi.

The New Masquerade, eré apanilẹ́rìn-ín mìíràn lórí tẹlifíṣọ̀n, ni ti bàbá mi. Chika Okpala ni Zebrudaya, Claude Eke ni Jegede Sokoya. Ẹ rántí pé Ígbò ló ń ṣe Jegede, Yorùbá alágbádá. Bàbá mi bínú nígbà àkọ́kọ́, ó ní wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Ígbò tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa bi í pé, Zebrudaya tó ń da Òyìnbó rú, tó pe ara rẹ̀ ní 4:30, ṣé Yorùbá lòun náà ni? Bàbá mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, "Jegede" ni bàbá yẹn ń pe bàbá mi, "4:30" ni bàbá mi ń pè é. Wọn kò pe ara wọn ní orúkọ mìíràn mọ́. Nígbà tí bàbá mi kú ní 2007, ọkùnrin náà wọkọ̀ láti Kaduna wá sí Ìkirun. Ó dúró ti pósí, ó ní, "Jegede, ó dàárọ̀ o."

Ẹ wò ó, ìròyìn máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní àgbàlá wa. Bọ́ọ̀lù máa ń pín wa sí méjì. Eré apanilẹ́rìn-ín nìkan ló ń kó gbogbo wa sí apá kan náà. Ohun tí mo sì ní sí wíwo eré lórí fóònù nìyí: ọmọ á ki nǹkan bọ etí, ohun tí kò bá yé e, á fọwọ́ gbá a kọjá. Ta ni yóò gbún nígbọ̀nwọ́?

Abuja ni wọ́n bí àwọn ìbejì mi, Òyìnbó ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa ní Iléyá tó kọjá, mo fi eré Bàbá Sàlá àtijọ́ sí orí tẹlifíṣọ̀n. Aṣọ Moses Ọláìyá ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, mo rí i tí Táyé fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ìyá mi: "Màmá, kí ló sọ?"

Ọmọ Ọ̀fà, Nyanya

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrántí bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí èèyàn jọ máa wo eré pọ̀ ti dópin o. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo ní. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, Jenifa's Diary ni mo máa ń fi sí i, eré Funke Akindele tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Mai ruwa kan, Hausa tó ń ta omi, wà tó jẹ́ pé á gbé kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, jálá omi á máa jò sílẹ̀, kò ní lọ. Ọlọ́kadà Tiv kan ló máa ń túmọ̀ fún un. Ta ló kọ́ Tiv ní Yorùbá? Mi ò mọ̀. Témi bá sì yí i sí bọ́ọ̀lù kó tó parí, àwọn méjèèjì ló ń kọ́kọ́ bá mi jà.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Àbúrò mi, ibi tí mò ń wá gan-an lo sọ yẹn. Ọjọ́ Sátidé, mò ń kó àwọn ìbejì bọ̀. Bá mi fi àga mẹ́ta pamọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mai ruwa.