Ibi tí mo ti pàdé Ọ̀ṣun nínú ìtàn ìfẹ́ Darcy

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń ka tiyín látàárọ̀ lórí àwọn ìwé tí wọ́n fi tún ìtàn àtijọ́ kọ, ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà.

Òṣogbo ni mo dàgbà sí. SS2 ni mo wà tí mo kọ́kọ́ ka Pride and Prejudice tí Jane Austen kọ, ìwé ọdún 1813, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní in. Mi ò gbádùn ẹ̀. Ìyá Bennet ló ń bí mi nínú jù, ọmọbìnrin márùn-ún ló bí, kò sì níṣẹ́ méjì ju kó máa wá ọkọ fún wọn kiri, mo ní kí ló ń lé màmá yìí gan-an?

Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó rí Pride ní láìbìrì kan ní London, Ibi Zoboi ló kọ ọ́, 2018 ló jáde. Ìtàn kan náà ni, àmọ́ Bushwick ní Brooklyn ló gbé e lọ. Elizabeth, ọmọ Bennet tó wá fẹ́ Darcy olówó níkẹyìn, ti di Zuri Benitez, ọmọ ọdún 17, ìdílé wọn tan mọ́ Haiti àti Dominican Republic, àwọn Darcy náà ti di èèyàn dúdú, olówó, tí wọ́n kó wá sílé ńlá tó dojú kọ tiwọn.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kà á tí mo fi dé ibi Madrina. Màmá àgbà tó ni ilé táwọn Zuri ń gbé nìyẹn, ìyálóòṣà Santería, ẹ̀sìn òrìṣà ti Kúbà, ni, ìsàlẹ̀ ilé níbẹ̀ ló ti ń ṣàyẹ̀wò fáwọn èèyàn, Ochún ló sì ń sìn. Ọ̀ṣun wa! Mo pa ìwé dé. Yèyé tí gbogbo ìlú wa ń tú jáde fún lóṣù kẹjọ, òun lọmọbìnrin yẹn ń gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ẹ̀ lọ bá ní Brooklyn. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ló gbé e dání débẹ̀, àmọ́ nínú ìtàn Darcy, mi ò retí ẹ̀ láéláé.

Ibi tó wá mú mi jù ni ti ilé (tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á fúnra yín, ẹ fo ibí yìí). Madrina kú, ilé bọ́ sọ́wọ́ Colin ìbátan ẹ̀, wọ́n tà á, àwọn Benitez sì kó jáde. Colin kẹ̀? Mr. Collins ti Austen nìyẹn, ìbátan bàbá àwọn Bennet! Ilé àwọn Bennet, ọkùnrin nìkan ni wọ́n kọ ọ́ pé ó lè jogún ẹ̀, bí bàbá wọn bá kú, Collins ló nilé, ìyá àtàwọn ọmọ márààrún á máa wá ibi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí. Ohun tó ń lé Ìyá Bennet nìyẹn! Ó wà níbẹ̀ kedere nígbà tí mo wà ní SS2, mo kà á kọjá ni. Àmọ́ lándílọ́ọ̀dù ti ta ilé mọ́ èmi náà lórí rí, mo mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá ń di ẹrù tí ò tíì mọbi tó ń lọ.

Mo padà lọ tún ti Austen kà lóṣù yẹn. Charlotte, ọ̀rẹ́ Elizabeth, tí mo máa ń bú pé ó fẹ́ Collins, ẹni ọdún 27 ni, kò lówó, kò nílé, àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Ìdí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní àtúnkọ ń ba ògidì jẹ́ nìyẹn. Lóòótọ́ ìfẹ́ Zuri àti Darius, Darcy ti Brooklyn, yá jù fún mi, ti Darcy àtijọ́ ló ń dùn mọ́ mi, ó rọra ń jinná ni.

Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi l'Òṣogbo. Aago mọ́kànlá alẹ́ àná ló pè mí, ó ti dé ibi Madrina.