Kì í ṣe Ẹyẹ Ẹlẹ́yà: «gbè» la gbàgbé nínú ìtumọ̀ Mockingjay

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká fún ẹyẹ kan ṣoṣo yìí, mockingjay, ẹyẹ inú ìwé ìtàn. Mo panu mọ́, nítorí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà tó bí mi lọ́mọ. Ṣùgbọ́n Alàgbà tún kọ̀wé lánàá pé «Ẹyẹ Ẹlẹ́yà» ti dúró, pé kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn mọ́, pé ọdún 31 lòun fi kọ́ni ní Yorùbá. Ẹ má bínú sí mi, sà. Kò dúró. Ojú mi ló ṣe nígbà tó wó.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa níbẹ̀: àwọn ọmọ tí a jọ ń kàwé ní Èbúté Mẹ́ta lọ́sàn-án Sátidé ti dé ìwé kẹta nínú The Hunger Games, èyí tó kádìí ìtàn Katniss Everdeen, ọmọbìnrin tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ṣe àmì wọn. Suzanne Collins ló kọ ọ́, oṣù kẹjọ ọdún 2010 ló jáde, Mockingjay lorúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kà á nílé, Yorùbá la fi ń sọ ọ́ fún ara wa bí a bá pàdé. Èmi ni mo mú orúkọ ẹyẹ náà wá síbí, pé kí ẹ bá wa wá èyí tó yẹ ẹ́. Ẹyẹ Ẹlẹ́yà ni Alàgbà fún wa, mo sì gbé e lọ bó ṣe wà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún 12 lọ fi nawọ́ sókè: «Àǹtí, kí ni ẹyẹ yẹn ṣe tí wọ́n fi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?»

Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ ló gbọ́. Ẹ fetí sí i dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yà ni ọ̀rọ̀ tí ayé fi ń rẹ́rìn-ín. Ìwà ẹlẹ́yà ni ìwà tí àwọn ará àdúgbò ń nàka sí. Níbi tí ẹlẹ́yà bá ti tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ báyìí, ọ̀rọ̀-orúkọ yẹn ni wọ́n ń fi ṣe ẹ̀sín, kì í ṣe òun ló ń fi ẹlòmíràn ṣe é. Bí Alàgbà bá fẹ́ ká mọ̀ pé ẹyẹ ló ń ṣe ẹ̀fẹ̀, «afiniṣẹlẹ́yà» ni ìbá kọ. Èyí tó tún burú jù ni pé etí ọmọ Èkó òde òní yóò gbọ́ oní + ẹ̀yà nínú rẹ̀, nítorí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò nígbà gbogbo tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé. Ẹyẹ tó ní ẹ̀yà wo?

Níbo la tilẹ̀ ti rí ẹlẹ́yà? Inú mock ni wọ́n ti fà á yọ. Gbogbo ẹni tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní Èkó ló ti ṣe mọ́ọ̀kì kó tó jókòó ṣe WAEC. Ta ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò yẹn? Ìdánwò tó fara jọ ti gidi ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mock ti orúkọ ẹyẹ yìí, ìfarawé ló ń sọ. Ẹni tó kọ́ni lọ́dún 31 ti bójú tó mọ́ọ̀kì tó pọ̀ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí.

Bùrọ̀dá wa ní Agége sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. «Àsínnijẹ» lòun kọ, láti inú sín ènìyàn jẹ. Kí n kọ́kọ́ sọ ti ohùn. Ohùn ìsàlẹ̀ tó fi sórí a- yẹn ti ba iṣẹ́ náà jẹ́. A- tó ń dá olùṣe, ohùn àárín ni: apẹja, akọrin, akọ̀wé, asọ̀rọ̀mágbèsì. À- olóhùn ìsàlẹ̀, ohun tí a ṣe tàbí ìṣe gan-an ló máa ń fún wa: àsọyé, àpèjẹ, àkọsílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyẹ ló ń ṣe é, asínnijẹ ni. Bùrọ̀dá ní bí wọ́n ṣe ń pè é nílé bàbá òun nìyẹn, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi akọrin ilé bàbá yín bóyá wọ́n máa ń pè é ní àkọrin.

Ká fi ohùn sílẹ̀. Ṣé asínnijẹ bá ẹyẹ náà mu? Ẹ jẹ́ ká wo ìdílé tó ti wá. Nínú ìtàn náà, ìjọba Capitol tó jẹ gàba lórí gbogbo ẹkùn ilẹ̀ Panem ló dá bàbá rẹ̀, jabberjay, nígbà tí ọ̀tẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Akọ ni gbogbo wọn. Wọ́n á ba sí àárín àwọn ọlọ̀tẹ̀, wọ́n á há gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ sórí, wọ́n á fò padà lọ kà á fún ìjọba láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fura, irọ́ ni wọ́n wá ń sọ sétí wọn. Ìjọba bá pa wọ́n tì sínú igbó kí wọ́n lè kú run. Wọn ò kú run. Wọ́n bá abo mockingbird pàdé, wọ́n bí ẹyẹ tí à ń wá orúkọ fún yìí. Ọmọ náà kò lè pe ọ̀rọ̀ bíi bàbá rẹ̀ mọ́, orin ló kù sí i lẹ́nu: orin ẹyẹ, orin ènìyàn, ti ọmọdé àti ti àgbà.

Nínú ìwé kejì, igbe àwọn ẹni tí Katniss fẹ́ràn ni wọ́n mú kí jabberjay máa ké, ohùn wọn gan-an, láti fi dá a lóró. Asínnijẹ nìyẹn! Ọ̀rọ̀ náà ní àbùkù nínú, bíi ti ọmọ tó ń tẹ̀lé arọ lẹ́yìn tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bíi tirẹ̀. Nítorí náà bàbá ni kí ẹ fún lórúkọ yẹn. Bí ẹ bá pè é ní olófòófó pàápàá, mo fara mọ́ ọn. Olófòófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Ti jabberjay kò tilẹ̀ dé ibi ọpẹ́.

Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Katniss sọ pé bí bàbá òun bá ń kọrin, gbogbo ẹyẹ àyíká á dákẹ́, wọ́n á máa gbọ́. Bó bá kọ ọ́ tán, wọ́n á wá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Níbi tí mo kà á dé nìyẹn tí mo fi ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ìyá mi àgbà ló wá sí mi lọ́kàn.

Òkè Pópó ni a ń gbé nígbà yẹn, àgbàlá kan, ilé mẹ́rin. Bí iná bá lọ lálẹ́, ìyá á gbé àpótí rẹ̀ síta, gbogbo ọmọ àgbàlá á yí i ká, tiwa àti ti àwọn ayálégbé. Ìtàn Ajá tí ìyá rẹ̀ ń sọ okùn sílẹ̀ fún láti ọ̀run ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá á dá orin, àwa á gbè é. Bí oorun bá ń kun ẹnikẹ́ni, tí ègbè náà bá rẹlẹ̀, ìyá á dákẹ́ síbi tó dé. «Ẹ ò gbè mí. Okùn ò ní sọ̀ kalẹ̀.» Kì í ṣe eré. Kò ní tẹ̀síwájú láéláé. Mo rántí alẹ́ kan tó dìde wọlé, tí Ajá wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, tí èmi sì sunkún.

Orúkọ irú àlọ́ yẹn, gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n: àlọ́ àpagbè. À-pa-ègbè. Ẹ wo gbè yẹn dáadáa, òun ni mo bá wá. Orin là ń gbè. Ènìyàn pẹ̀lú là ń gbè. Orí ẹni a máa gbeni. Ẹni tó bá dúró ti ẹlòmíràn nínú ìjà, a ní ó ń gbè é lẹ́yìn. Mi ò rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan tó kó méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tó dákẹ́ gbọ́ orin ẹni, tó wá gbà á lẹ́nu ẹni, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì sọ di àmì pé a wà lẹ́yìn ara wa, elégbè ni. Ẹyẹ Elégbè. Oní + ègbè, n di l, fáwẹ́lì tẹ̀lé fáwẹ́lì, bíi elédè, bíi olókè.

Arábìnrin wa ní Mùṣín ti ta kò mí kí n tó kọ èyí, nígbà tí mo fi lọ̀ ọ́. Ó ní mo sọ ọmọbìnrin náà di elégbè nígbà tó jẹ́ òun ló ń dárin fún gbogbo ọ̀tẹ̀. Àtakò gidi nìyẹn, ó gbà mí lóorun. Ìdáhùn mi ni pé ẹ tún ìwé kẹta yẹn kà. Nígbà tí àwọn olórí ọ̀tẹ̀ ní District 13 gbé ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu pé kó máa sọ ọ́ níwájú kámẹ́rà, kò ṣeé wò. Haymitch, ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà, ló rí i pé ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọni lára. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní District 8, ìjọba Capitol ju bọ́ǹbù sí ilé ìwòsàn náà lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là. Kì í ṣe ẹyẹ tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ há lórí. Ṣùgbọ́n orin tó gbé e dé ibẹ̀, òun kọ́ ló dá wọn. Ohùn orin mẹ́rin ti Rue, ọmọdébìnrin tí wọ́n pa nínú ìwé kìn-ín-ní, Rue ló ni ín. Orin igi ìsorọ̀ tó kọ létí adágún, ti bàbá rẹ̀ ni, ẹni tí ibi ìwakùsà pa. Àwọn òkú ni Katniss ń gbè. Pollux tí ìjọba gé ahọ́n rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó kọrin, àwọn ẹyẹ sì gbà á. Bí arábìnrin bá ní kò tíì tẹ́ òun lọ́rùn, mo gbà, kó mú tirẹ̀ wá.

Ti àmì ohùn: ẹnìkan ní bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, àwọn ènìyàn á kà á sí ègbé, èyí tó wà nínú «ègbé ni fún ọ». Ẹ fi àmì sí i, ó parí! Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló ń sọ «elégbé»? Ẹni ègbé la máa ń wí. Ẹlẹ́gbẹ́ ní tirẹ̀ ní àmì lábẹ́ fáwẹ́lì rẹ̀, ẹ má kó o mọ́ èyí.

Ìyá wa ní Súrùlérè mú àwòko wá. Ẹyẹ olóhùn dídùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló dá àwòko. Ẹ jẹ́ ká fi í pe ìyá rẹ̀, mockingbird, ó yẹ ẹ́ gan-an ni. Alàgbà ní orúkọ tí kò bá fi bàbá àti ìyá ẹyẹ hàn kò pé. Sà, kí ni ìbaaka? Ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló bí i. Níbo ni ẹṣin wà nínú orúkọ rẹ̀? Sáàmù 32 pè é bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣì í mọ̀. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká tú ìwé Fágúnwà ní 1968, igbó irúnmalẹ̀ di The Forest of a Thousand Daemons, kò jókòó ka irúnmalẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Ó wá ohun tí yóò dún létí ẹni tó ń kà á.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó dùn mí jù, mi ò sì ní gbé e mì. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ Èkó ò ní èdè, àdàlù ló ń sọ, kí a lọ bi Ọ̀yọ́ léèrè. Mo bọ̀wọ̀ fún Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n Èkó níbí ni I. B. Thomas ti ń tẹ ìwé ìròyìn Akéde Èkó, inú rẹ̀ ni ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti 1929 títí wọ 1930, kó tó di ìwé. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà tó dé. Ìtàn àtẹ̀lédé tí àwọn ará Èkó ń dúró de ìparí rẹ̀, bí àwọn ọmọ wa ṣe dúró de ìparí Katniss, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, erékùṣù yìí ni wọ́n ti kà á. Ìyá mi àgbà kò kàwé, ṣùgbọ́n òun ló fi gbè sí mi lẹ́nu.

Ibi tí èmi náà ti há ni jay. Àwọn tó mọ ẹyẹ sọ pé inú ìdílé kannakánná ni jay wà, òótọ́ sì ni. Bùrọ̀dá Agége ti ń pariwo pé kí bàbá máa jẹ́ kannakánná amí, Ìyá Súrùlérè ní kannakánná kì í sọ̀rọ̀, pé odídẹrẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Mi ò mọ èyí tí mo máa mú. Sátidé yìí la ó ka ibi adágún náà. Elégbè ni mo máa kọ sójú pátákó, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé. Ti bàbá rẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju asínnijẹ lọ, kó fi ránṣẹ́ kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.