Ìdí Tí Iṣẹ́ Ènìyàn Fi Ń Dúró Lọ́kàn Mi Ju Orúkọ Rẹ̀ Lọ

Lórí ọ̀rọ̀ pé orúkọ ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé máa ń tètè fò lọ lọ́kàn ẹni, ẹ jẹ́ kí n sọ ìrírí tèmi náà. Ojú ènìyàn kì í pa rẹ́ lọ́kàn mi, n kì í sì í gbàgbé iṣẹ́ tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òun ń ṣe, ṣùgbọ́n kí a tó dìde níbi tí a jọ jókòó sí, orúkọ rẹ̀ ti fò lọ. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, obìnrin tó jókòó tì mí ní káfíńtà ni òun, ó sì fi àpá tí ayùn dá sí i ní àtàǹpàkò hàn mí. Ó ti pẹ́ díẹ̀, síbẹ̀ mo ṣì lè ṣàpèjúwe bí àpá yẹn ṣe gba ẹ̀gbẹ́ èékánná rẹ̀ kọjá. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Àfi kí n lọ yẹ ìwé tí gbogbo wa kọ orúkọ sí wò.

N kò gbà pé ọpọlọ mi ló ń jó àjórẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti dárúkọ iṣẹ́ káfíńtà, àwọn ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò dìde pàdé rẹ̀: òórùn pákó, ìró òòlù, lẹ́búlẹ́bú igi tó kún ilẹ̀. Orúkọ àjèjì kì í bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé. Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìrántí jáde ní 1885, fi ara rẹ̀ dán irú èyí wò. Ó há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí títí, ó sì rí i pé ewì tó nítumọ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá làálàá yẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ máa ń sọ pé kí n pa ìwé dé, kí n bi ara mi ní ohun tí mo kà. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, tẹ̀ jáde ní 2006 gbè wọ́n lẹ́yìn: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń tún àyọkà kà ló mókè, ṣùgbọ́n nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ti gbìyànjú láti rántí rẹ̀ láì wo ìwé ló borí.

Ohun tí mo ń fi orúkọ ṣe báyìí nìyẹn. Bí onítọ̀hún bá kúrò lọ́dọ̀ mi, n ó jẹ́ kó ṣe díẹ̀, kí n tó pe orúkọ rẹ̀ sí ara mi létí. Èyí tó bá kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀ kó tó jáde ló máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ mi jù.