Fọ́tò ìyá àgbà tí mi ò rí yà

Ẹ̀yin ayafọ́tò ẹlẹgbẹ́ mi, láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ìrírí tí ẹ ń kọ nípa iṣẹ́ tó dun yín jù. Ọ̀pọ̀ yín ló ń sọ ti oníbàárà tí kò san owó tán. Èyí tó ń dun èmi kì í ṣe ti owó.

Ìdána ni, ní gbọ̀ngán kan ní Òkè-Ìléwó, l'Ábẹ́òkúta níbí. Wọ́n ti fi iná LED yí òrùlé ká, aláwọ̀ àlùkò àti búlúù. Nígbà tí àdúrà òbí kù díẹ̀, mo yí kámẹ́rà mi sí ipò tí kì í dún, kí n má baà máa ta kẹ́-kẹ́-kẹ́ sí wọn létí. Mo ya mẹ́rin, mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà: ìlà dúdú-dúdú ló gba ojú ìyàwó kọjá láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí ẹni pé wọ́n fi òfì bò ó lójú.

Mo doríkodò, mo ń yí bọ́tìnnì. Ìṣẹ́jú kan kò pé. Ìgbà tí màá fi gbójú sókè, àwọn èèyàn ti ń nu omijé. Wọ́n ti fa ìyá àgbà ìyàwó lọ́wọ́ wá síwájú, ìyá tí kò ríran mọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú ọmọ ọmọ rẹ̀: iwájú orí, ìpéǹpéjú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń kì í. Àwọn tó rí i ló sọ fún mi. Èyí tí èmi rí yà ni ẹ̀yìn gèlè àǹtí kan àti fóònù mẹ́ta.

Nígbà tí mo kó fọ́tò fún ìyàwó, ó lé ní 600. Ó wò wọ́n tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Èyí tí màmá fọwọ́ pa mí lójú dà?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fa ìlà yẹn, kó má baà ṣe ẹlòmíràn. Iná ìjọba wa, 50 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ LED olówó pọ́ọ́kú a sì máa ṣẹ́jú ní lílọ àti ní bíbọ̀, ó di ìgbà 100. Ojú èèyàn kì í rí i. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá wà ní ipò tí kì í dún, ọ̀pọ̀ wọn kì í gba àwòrán wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Láti òkè ni wọ́n ti ń gbà á bọ̀ nísàlẹ̀, ibi tó bá ṣe kòńgẹ́ ìgbà tí iná ṣẹ́jú á sì dúdú. Mo dá ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń pa nínú kámẹ́rà, padà sí èyí tó ń dún, mo fi í sí 1/100 ìṣẹ́jú-àáyá, kó bá àkókò tí iná fi ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan dọ́gba, ìlà lọ. Ti ijó kọ́ nìyẹn o: tí wọ́n bá dìde jó, 1/100 á sọ ọwọ́ wọn di èéfín, fíláàṣì lẹ máa fà yọ.

Láti ìgbà náà, mo máa ń dé gbọ̀ngán kí ọjọ́ tó pé, màá ní kí wọ́n tan gbogbo iná, títí kan ti DJ. Màá lọ dọ̀bálẹ̀ fún alága ìjókòó kí wọ́n tó gba máíkì: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí àdúrà bá kù díẹ̀, ẹ bá wa bẹ aláṣọ ẹbí kí wọ́n jókòó." Ọ̀rọ̀ ẹnu alága ju tèmi lọ fíìfíì. Màá sì bi ìyàwó léèrè àgbà tó ń bọ̀ tó jẹ́ ààyò rẹ̀.

Ìyàwó yẹn ló ní ká lọ bá màmá nílé, ní Lafẹ́nwá. Mo lọ, mi ò gba kọ́bọ̀. Màmá jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń wọlé jẹ́jẹ́. Ìyàwó kúnlẹ̀. Màmá nawọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àgbọ̀n, wọ́n ń lọ sókè. Nígbà tó kan ibi tí gèlè wà lọ́jọ́ ìdána, ọwọ́ wọn dúró lórí irun. Wọ́n ní, "O ti tú u?"

Ọwọ́ tó dúró yẹn ni mo yà. Òun ni ìyàwó gbé kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀.