Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: kókó orúnkún ọmọ mi ti di egbò, kò sì dùn ún rárá

Ìyá Ayọ̀ (Ọjà-Ọ̀dàn)
Ẹ kúulé o ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú fo ọ̀rọ̀ mi o. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 8, nǹkan kan yọ sí i lókè orúnkún òsì, kókó kékeré báyìí, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á máa yẹ̀ lábẹ́ awọ. Mo rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́ torí etí odò làwọn ọmọ yìí ń gbé tí wọ́n bá ti iléèwé dé. Kò sọ fún mi pàápàá, ìgbà tí mo ń wẹ̀ fún un ni mo rí i. Mo ra ìpara ní kẹ́míìsì, a pa á títí, kókó ò lọ, ó wá ń tóbi, awọ ibẹ̀ ń dán, ló bá bẹ́. Ọyún tó jáde ò tó nǹkan, nǹkan funfun bí òwú ló kún inú ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé egbò yẹn ń fẹ̀ sí i, etí ẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ ara, abẹ́ awọ ibẹ̀ ti ṣófo, tí mo bá ń nù ún òwú á wọ abẹ́ ẹ̀ lọ, ọmọ ò sì ní ké. Ara ẹ̀ ò gbóná, ó ń jẹun, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá ẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀, pé tó bá jẹ́ nǹkan gidi ni, á máa dùn ún. Ìyá ọkọ mi ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń wo egbò. Èwo ni kí n ṣe nínú ẹ̀?

Bàbá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èéwo ni jàre. Ẹ fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ fún un dáadáa kí ojú ẹ̀ jáde. Tójú èéwo ò bá tíì jáde kò lè jiná.

Àdùkẹ́ Onírun
Bàbá Ìbejì, èéwo wo ni kì í dunni? Èyí tó yọ sí mi lábíyá lọ́dún tó kọjá, mi ò lè gbé ọwọ́ sókè di irun oníbàárà, ibà tún dá mi dùbúlẹ̀ lé e. Ọmọ tó ní èéwo lórúnkún ò lè gbá bọ́ọ̀lù o. Ìyá Ayọ̀ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì fún un.

Màmá Kétu
Ọmọ mi, ẹ gbọ́ o. Egbò tó bá ń jẹ ara lọ láìdunni, kì í ṣojú lásán. Wọ́n ta ọfà sọ́mọ yẹn ni. Nígbà tiwa a mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tó dé egungun.

Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀
Ìyá Ayọ̀ ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó fún un, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lágbègbè Yewa wa yìí, ohun tí ìyá yìí kọ yẹn, bí mo ṣe kà á ara mi bù máṣọ. Kókó tí kò dunni, egbò tí etí ẹ̀ ṣí kúrò lára tí abẹ́ ẹ̀ ṣófo, nǹkan funfun nínú ẹ̀, ọmọ ò sì gbóná. Mi ò lè tinú fóònù sọ pé báyìí ni o, lábù ló máa sọ ọ́, àmọ́ àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Buruli, ó wà ní Ògùn wa níbí, ó wà lódìkejì ní Bẹ̀nẹ̀, ó wà ní Tógò, Gánà, títí dé Ọsirélíà. Kòkòrò tó ń fà á, mọ̀lẹ́bí ni òun àti kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ti ẹ̀tẹ̀. Ó máa ń tú oró kan sílẹ̀ tó ń pa ẹran ara abẹ́ awọ, oró yẹn kan náà ló tún ń pa ìrora ibẹ̀, ìdí nìyẹn tọ́mọ fi lè gbé irú egbò bẹ́ẹ̀ lọ sórí pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ sọ fún bàbá ẹ̀ pé àìdunni tó fọkàn balẹ̀ sí yẹn gan-an ni àmì àìsàn náà.

Èéwo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èéwo á pọ́n, á gbóná, á máa ta èèyàn, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ó ti ṣe tán, ó ti bẹ́, ó ti ń jiná. Tiyín yìí ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń gba oṣù.

Nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 15 tó bí ìdajì àwọn tó ń mú, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ló sì sábà máa ń wà. Àwọn tó ń gbé nítòsí àbàtà àtomi tí kì í ṣàn púpọ̀ ló ti wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe: ẹ lọ sí ẹ̀ka ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kẹ́ ẹ bèèrè òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀, torí ètò ìjọba kan ṣoṣo ló kó TB, ẹ̀tẹ̀ àti Buruli pọ̀. Wọ́n á fi òwú tín-ínrín nu abẹ́ etí egbò yẹn, wọ́n á gbé e lọ sí lábù fún tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní PCR. Tó bá jẹ́ òun ni, oògùn ẹnu ni, rifampicin àti clarithromycin, ọ̀sẹ̀ 8 láìfo ọjọ́ kan. Bí ọmọ bá ṣe wúwo sí ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, torí náà ẹ má lọ rà á ní kẹ́míìsì kẹ́ ẹ máa fún un fúnra yín. Rifampicin á jẹ́ kí ìtọ̀ ẹ̀ pọ́n bí ó bá ń lò ó, ẹ má jáyà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Láyé àtijọ́ abẹ́rẹ́ streptomycin ni wọ́n ń gún wọn lójoojúmọ́, ó sì máa ń ba etí àwọn kan jẹ́, a dúpẹ́ pé ti oníhóró ti rọ́pò ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá tètè lọ, tí egbò ò tíì ju 5 sẹ̀ńtímítà, oògùn nìkan lè ṣe é pátá. Tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè ní láti ṣiṣẹ́ abẹ, kí wọ́n gé awọ láti ibòmíràn lára ẹ̀ fi bò ó.

Títí ẹ ó fi dé ọ̀hún, omi iyọ̀ tó mọ́ tí wọ́n ń pè ní saline ni kẹ́ ẹ fi máa fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀sì àti bándéèjì tí kò fún jù bò ó. Ẹ má fi ewé sí i, ẹ má fi eérú, ẹ má ta epo gbígbóná sí i. Ẹ sì má tú kápúsù ampicillin dà sójú egbò, mo mọ̀ pé gbogbo ilé ló ń ṣe é, kì í wo egbò sàn, ńṣe ló ń jẹ́ kí kòkòrò mọ oògùn yẹn lára. Ṣọ́mọ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì? Ẹ wo káàdì ẹ̀.

Àdùkẹ́ Onírun
Àǹtí nọ́ọ̀sì ẹ ṣeun o. Kápúsù yẹn, lójoojúmọ́ ni mo ń rí i ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Pobè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Òótọ́ pọ́ńbélé ni nọ́ọ̀sì sọ. Ọ̀dọ̀ wa ní Pobè lódìkejì bọ́dà, sẹ́ńtà Buruli kan wà níbẹ̀ tí àjọ aláàánú kan, Fondation Raoul Follereau, ń ràn lọ́wọ́, àwọn ará Nàìjíríà ń wá gan-an, pàápàá láti Ògùn, èdè ò sì ní jẹ́ wàhálà fún yín torí Nàgó ni wá, Yorùbá náà là ń sọ. Àbúrò mi obìnrin gba ìtọ́jú níbẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ni tiẹ̀ wà. Nǹkan méjì tí ẹnikẹ́ni ò kọ́kọ́ sọ fún ìyá wa, ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ìkíní, nígbà tó ti ń loògùn lọ, egbò yẹn tún fẹ̀, kókó mìíràn tún yọ nítòsí ẹ̀, ìyá wa ti di ẹrù láti gbé e relé pé oògùn òyìnbó ò gbà á. Dọ́kítà ní ara ọmọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tó ń bá kòkòrò yẹn jà, pé tẹ́lẹ̀ oró ẹ̀ ti mú ara ọmọ sùn. Wọn ò dá oògùn dúró, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í jiná. Ìkejì, apá. Egbò lè jiná tán kí apá ẹ̀ fa oríkèé pọ̀, kí ọwọ́ ká, kó má lè nà mọ́. Wọ́n ń fún un ní eré ìdárayá láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ké, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ṣe é lọ. Lónìí ó ń pọnmi.

Màmá Kétu, mo dọ̀bálẹ̀ o mà. Àwọn àgbà tiwa náà pè é lọ́fà, wọn ò sì purọ́ pé ó le, ó ń jẹ ara gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tó bá máa ṣètùtù kó ṣe é nígbà tọ́mọ ti wà lórí oògùn. Mo mọ ẹbí tó kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́fà kiri, ìgbà tí wọ́n máa fi dé sẹ́ńtà ẹsẹ̀ ọmọ ti ká.

Màmá Kétu
Mo ti gbọ́ ọmọ mi. Kọ́mọ yẹn ṣáà rí ìwòsàn. Ẹ máa gbé e lọ.

Ìyá Sùkúrà
Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíì o. Làpálàpá ló wà lórí ọmọ tèmi, irun ibẹ̀ ti ń já. Ìpara kan tí wọ́n ní ó ń pa gbogbo nǹkan mẹ́ta pọ̀ la fi ń pa á, tá a bá pa á á lọ, tá a bá fi sílẹ̀ á tún padà, báyìí ó ti wà lọ́rùn àti lójú, kò tiẹ̀ rí róbótó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀
Ìyá Sùkúrà ẹ yí ìpara yẹn padà kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí betamethasone tàbí clobetasol, ẹ má fi pa á mọ́. Sìtẹ́rọ́ọ̀dù ni, ìran oògùn tí àwọn tó ń bóra ń wá kiri. Ó ń mú kí yíyún lọ, ó ń mú kí pípọ́n lọ, ẹ ó rò pé ó ti san, bẹ́ẹ̀ ó ti so ọwọ́ ara tó yẹ kó bá làpálàpá jà, fọ́ńgọ́ọ̀sì wá ráyè tàn kálẹ̀. Ìdí tí kò fi rí róbótó mọ́ nìyẹn, dọ́kítà tí ò mọ ìtàn ìpara yẹn lè má dá a mọ̀ gan-an. Ó tún ń jẹ́ kí awọ ọmọ fẹ́lẹ́. Ti ọrùn àti ojú, clotrimazole tàbí terbinafine tí wọn ò pò mọ́ nǹkan kan, kẹ́ ẹ máa pa á lọ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ ò rí i mọ́, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn, wọ́n ń dá a dúró ní ọjọ́ tí yíyún bá dáwọ́ dúró. Ti orí, ìpara nìkan ò tó, torí kòkòrò ẹ̀ ti wọ gbòǹgbò irun, oògùn lílò ni, griseofulvin, bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ẹ sì máa fún un lẹ́yìn oúnjẹ tó lọ́ràá. Dọ́kítà ló máa kọ ìwọ̀n ẹ̀. Kóòmù, fìlà, kílípà onígbàjámọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pín in lò, kẹ́ ẹ sì wo orí àwọn ọmọ yòókù.

Tísà Pírámárì
Ti kíláàsì wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ń họra, àárín ìka ọwọ́ àti ìdí, àwọn òbí ní kò jẹ́ kí wọ́n sùn lóru.

Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀
Ó jọ kúrúnà. Kòkòrò tíntín ló ń gbẹ́ ihò sínú awọ. Permethrin 5% ni, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, kó sun ún mọ́jú, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ará ilé lọ́jọ́ kan náà, títí kan àwọn tí kò yún. Ọmọ ọwọ́ àti aboyún kí wọ́n kọ́kọ́ lọ fojú hàn ní sẹ́ńtà. Kí wọ́n fomi gbígbóná fọ aṣọ àti ìbora, kí wọ́n sá a sóòrùn. Yíyún lè ṣì wà fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán, kò ní kí wọ́n máa pa á lójoojúmọ́.

Ìyá Ayọ̀ (Ọjà-Ọ̀dàn)
Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá ẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ilẹ̀ mọ́ ló gbé ọ̀kadà. Òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ ní ká bèèrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, bó ṣe rí i ló ti ní ká jókòó, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n gba nǹkan abẹ́ etí egbò. Èsì ti dé, Buruli ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ìtọ̀ ẹ̀ ti pọ́n bẹ́ẹ̀ náà, ká ní ẹ ò sọ fún mi ni ǹ bá ti pariwo. Ìbéèrè mi tó kù: ṣé àbúrò ẹ̀ lè bá a sùn lórí ẹní kan? Ìyá ọkọ mi ti ya àwo ẹ̀ sọ́tọ̀, ọmọ ń sunkún. Bọ́ọ̀lù ńkọ́, ẹsẹ̀ yẹn ló máa ń ká sókè tó bá fẹ́ sùn, ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìyábọ̀
Inú mi dùn gan-an sí bàbá Ayọ̀. Kì í ràn láti ara ẹnìkan sí ẹnìkejì bẹ́ẹ̀, kó bá àbúrò ẹ̀ sùn, kí wọ́n jọ jẹun, ẹ dá àwo ẹ̀ padà sáàárín tàwọn yòókù lónìí. Ẹ ṣáà yẹ ara àwọn ọmọ yòókù wò látòkè délẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ fún wọn, torí odò kan náà ni wọ́n ń lọ, tẹ́ ẹ bá rí kókó kankan tí kò dunni, ẹ gbé e lọ kó tó bẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn, ẹ má fi í sílẹ̀ ní kíká o. Tó bá sùn, ẹ nà án, ẹ fi ìrọ̀rí tẹ́ abẹ́ gìgísẹ̀, kì í ṣe abẹ́ orúnkún. Lójúmọmọ kó máa ká a kó máa nà án, kó máa rìn lọ síléèwé. Bọ́ọ̀lù, kí bándéèjì wà lórí ẹ̀ dáadáa, kó má wọ inú ẹrọ̀fọ̀, kẹ́ ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń pààrọ̀ bándéèjì ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a.

Ọmọ Pobè
Tí kókó mìíràn bá yọ o, ẹ má dá oògùn dúró. Ẹ fi han òṣìṣẹ́ yẹn lọ́jọ́ náà gan-an.